Ta Ló Ni Báàgì Pupa? Ìtàn Kékeré Kan Tó Di Àròkọ Mẹ́rin ní Èdè Ṣáínà

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà ni mo fi àròkọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ní èdè Ṣáínà ránṣẹ́ sí. Mi ò sọ ẹni tó kọ ọ́ fún un, mi ò sì ní kó bá mi tún nǹkan kan ṣe. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í: ta ló ni báàgì? Ó kà á tán, ó fèsì pé, "Ìyá àgbà yẹn ni. Ó kọ́kọ́ ní òun kọ́ ló ni ín, nígbà tó yá ó padà wá, ó ní òun ló ni ín. Kí ló ṣe é?"

Kò sí ohun tó ṣe ìyá àgbà. Ọmọdébìnrin kan ló ni báàgì. Lọ́kàn ẹni tó kọ àròkọ, ọmọ yìí wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Orí ìwé ni kò dé.

Ẹni tó kọ ọ́ jù mí lọ dáadáa, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè wọ́n, àwọn náà á sì máa pè mí ní Tíṣà. Wọ́n ti yege HSK 4, ìyẹn ìdánwò èdè Ṣáínà fún àwọn tí kì í ṣe èdè abínibí wọn, wọ́n sì ń múra fún HSK 5. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló wọ́n wọn. Nínú ètò onípele mẹ́fà, HSK 4 ń béèrè nǹkan bí ọ̀rọ̀ 1,200, HSK 5 ń béèrè 2,500, Ẹ̀gbọ́n sì ti há èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sórí. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìdánwò àkọ́kọ́ yẹn fi kọ́ wọn. Ìbéèrè 15 ló wà ní apá ìkọ̀wé HSK 4: nínú 10, wọ́n á fọ́n ọ̀rọ̀ ká, wọ́n á ní kó o tò wọ́n di gbólóhùn, nínú 5 tó kù, wọ́n á fún ọ ní àwòrán àti ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á ní kó o fi kọ gbólóhùn kan. Gbólóhùn kan, gbólóhùn kan. Kò sẹ́ni tó béèrè pé kí gbólóhùn kejì mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Lójijì, ní HSK 5, wọ́n ní kó o kọ àròkọ kékeré méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó lẹ́tà 80: ọ̀kan láti inú ọ̀rọ̀ márùn-ún tí wọ́n fún ọ, ọ̀kan láti inú àwòrán. HSK 6 ti ètò onípele mẹ́fà tún le ju ìyẹn lọ. Wọ́n á gbé ìtàn tó tó lẹ́tà 1,000 fún ọ kà fún ìṣẹ́jú 10, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní kó o tún un sọ ní nǹkan bí lẹ́tà 400 láàárín ìṣẹ́jú 35, kó o má sì fi èrò tìrẹ kún un. Ẹni tó bá ń kọ gbólóhùn bí ẹni ń ka owó ẹyọ sílẹ̀ kò lè ti ibẹ̀ jáde.

Àwòrán mẹ́rin ni mo fún Ẹ̀gbọ́n. Nínú èkíní, ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀, ó ń kàwé. Ìyá àgbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báàgì pupa kan wà láàárín wọn. Lọ́nà jíjìn lẹ́yìn wọn, ọmọdébìnrin kan dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń ta omi. Nínú èkejì, ọkọ̀ dé, ìyá àgbà ń wọlé, báàgì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì. Nínú ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́kùnrin gbé báàgì, ó ń sá tẹ̀lé ọkọ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, ìyá àgbà yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀, wọ́n gbé báàgì tiwọn sókè, ọmọdébìnrin ọjọ́sí sì ń sáré bọ̀, ó nawọ́ sí báàgì pupa.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ nìyí, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀:

昨天有一个男人。他坐了在车站。他看了书。一个老奶奶也坐了在车站。然后车来了。然后她上了车。然后他看到了一个红色的包。他觉得了这是她的包。然后他拿了包,他跑了。她没有了听到。然后车停了。她说了这不是她的包。然后她来了。她说了这是她的包。他很不好意思。

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní "lánàá, ọkùnrin kan wà", bí ẹni pé kò sí láyé kó tó di àná. Ìparí ló wá pa mí lẹ́rìn-ín: "Lẹ́yìn náà ọkọ̀ dúró. Obìnrin náà ní báàgì òun kọ́. Lẹ́yìn náà obìnrin náà dé. Obìnrin náà ní báàgì òun ni." Ọ̀rẹ́ mi kò jẹ̀bi rárá.

Mo jókòó, mo kà wọ́n. Lẹ́tà 108. 了 (le, àmì kékeré tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe) jẹ́ 14. 然后 (ránhòu, "lẹ́yìn náà") jẹ́ mẹ́fà. 他 ("ó" ti ọkùnrin) jẹ́ méje, 她 ("ó" ti obìnrin) jẹ́ mẹ́jọ. Àmì ìdánudúró jẹ́ 15, kọ́mà jẹ́ ẹyọ kan. Gbogbo wàhálà àròkọ náà ló wà nínú ìṣirò yìí, àmọ́ èmi fúnra mi kò kà á bó ṣe yẹ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo ṣe. Mo rí 然后 mẹ́fà, mo gbà pé 然后 ni àrùn. Mo bá ṣe bí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ṣe máa ń ṣe: mo kó ọ̀rọ̀-asopọ̀ bí ogún jọ, mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n, mo ní kí wọ́n máa fi wọ́n dípò 然后. Àròkọ kejì dé lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

首先,有一个男人坐在车站。其次,一个老奶奶也坐在车站。因此,车来了。此外,她上了车。

"Lákọ̀ọ́kọ́, ọkùnrin kan jókòó sí ibùdókọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ìyá àgbà kan náà jókòó sí ibùdókọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ dé. Síwájú sí i, obìnrin náà wọkọ̀."

Nítorí náà, ọkọ̀ dé! Àfi bí ẹni pé ìjókòó àwọn méjèèjì ló pe ọkọ̀ wá. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì tì mí, torí ọwọ́ mi ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti wá. 其次, 因此, 此外: ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣàlàyé èrò ni wọ́n, ẹni tó ń to ìdí mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n lè gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ibùdókọ̀ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn ní èdè kankan tí mo mọ̀. Àròkọ kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ṣì ń dún bí ọmọdé tó ń sọ òtítọ́. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n pa ìwé tí mo fi ránṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù wọn.

Mo wá padà sí àròkọ àkọ́kọ́, mo gbé ojú lé 了. Nínú 14 tó wà níbẹ̀, méje kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá: 坐了在 ("jókòó sí") ẹ̀ẹ̀mejì, 看了书 ("kàwé"), 觉得了 ("rò"), 没有了听到 ("kò gbọ́"), àti 说了 ("sọ") ẹ̀ẹ̀mejì. Mo bi Ẹ̀gbọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi 了 sí 觉得, "rò".

"Tíṣà, ṣebí àná ni? Ọ̀rọ̀ tó ti kọjá ni."

Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti mọ́ mi. Ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni Ẹ̀gbọ́n fi kọ́ èdè Ṣáínà, bíi ti púpọ̀ nínú wa, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni wọ́n ń fi ro ìtàn kí wọ́n tó kọ ọ́. Níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé àná lòun ṣẹlẹ̀. Wọ́n wá wá ohun tí wọ́n máa fi jẹ́wọ́ ní èdè Ṣáínà, wọ́n rí 了, wọ́n kàn án mọ́ gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í béèrè irú ìjẹ́wọ́ yìí. A ní "lánàá, ó jókòó, ó ń kàwé", ó parí. Èdè Ṣáínà náà bẹ́ẹ̀. 了 kò túmọ̀ sí àná. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan náà ṣẹlẹ̀ tán, tàbí pé ipò nǹkan yí padà, ìyẹn sì lè jẹ́ lọ́la pàápàá: 明天吃了饭就走, "lọ́la, tá a bá ti jẹun tán, a ó lọ". Ìjókòó ọ̀dọ́kùnrin yẹn ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, kò tíì tán. Rírò kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe tán bí ẹni gbé ẹrù kalẹ̀. 没有 tó jẹ́ "kò" ti lé 了 lọ, torí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ tán. 说 kì í sì í sábà gbà á tí odidi ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ bá tẹ̀lé e.

Mi ò ṣàlàyé gbogbo èyí fún Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ yẹn o. Mo kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò kalẹ̀. Ẹ fi ohùn sọ ìtàn yẹn fún mi ní Yorùbá lórí WhatsApp, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín." Kò pẹ́ tó fi dé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ:

"Tíṣà, ẹ gbọ́. Bọ̀dá kan ló jókòó síbùdókọ̀ tó ń kàwé, màmá àgbà kan jókòó tì í, báàgì pupa kan wà láàárín wọn. Kò pẹ́, ọkọ̀ dé, màmá dìde, wọ́n wọkọ̀. Bí Bọ̀dá ṣe máa gbójú sókè báyìí, báàgì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì! Ó ṣe bí màmá ló gbàgbé ẹ̀ ni. Ló bá gbé báàgì sá tẹ̀lé ọkọ̀, ó ń pariwo, ‘Mà! Mà! Báàgì yín!’ Ó sá, ó sá, kí ọkọ̀ tó jàjà dúró. Màmá yọrí lójú fèrèsé, wọ́n na báàgì tiwọn sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mirí. Ibi tó ti ń wò wọ́n, ọmọbìnrin kékeré kan sáré dé látẹ̀yìn. Àṣé òun ló ni báàgì, omi ló lọ rà."

Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ bá mi wá "lẹ́yìn náà" nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ báyìí mọ ìtàn í so. Ọ̀nà tó ń gbà gbé e dé èdè kejì ló ń já a.

Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo sì rí ibi tí ọmọdébìnrin ti sọnù. Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n, màmá ni "wọ́n", ọmọ ni "ó". Ọ̀wọ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé "wọ́n ní báàgì àwọn kọ́, ó ní báàgì òun ni", ta ló máa rò pé ẹnì kan náà ló sọ méjèèjì? Nígbà tí ìtàn wọ èdè Ṣáínà, "wọ́n" di 她, "ó" náà di 她. Lórí Ẹ̀gbọ́n, àgbà ṣì jẹ́ àgbà, ọmọ ṣì jẹ́ ọmọ, nítorí náà wọn kò rí àléébù kankan bó ti wù kí wọ́n tún un kà tó. Ẹni tó ń kà á láti ìta ló rí obìnrin kan tí kò mọ báàgì ara rẹ̀.

Ohun tí ìwé kíkọ èdè Ṣáínà yà sọ́tọ̀ ni akọ àti abo, kì í ṣe ọjọ́ orí, ìyẹn náà sì jẹ́ lójú ìwé nìkan. Lẹ́nu, 他, 她 àti 它 (ti ohun tí kì í ṣe èèyàn) jẹ́ tā ṣáá, bí "ó" tiwa. Kò sì tíì pẹ́ rárá. Tẹ́lẹ̀, 他 ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní àyíká 1920 ni akéwì àti onímọ̀ èdè nì, Liu Bannong, gbé 她 lárugẹ gẹ́gẹ́ bí ti obìnrin. Ó wúlò, àmọ́ kò lè ran ìtàn tó ní obìnrin méjì lọ́wọ́. Níbẹ̀, orúkọ ni kó o tún pè. Nígbàkígbà tí ẹlòmíràn bá gba ọ̀rọ̀, pè é: 老奶奶 ("ìyá àgbà"), 小女孩 ("ọmọdébìnrin"). Ìbẹ̀rù Ẹ̀gbọ́n ni pé àtúnpè á dà bí àìgbọ́n, nítorí pé ẹnì kan ti kọ́ wọn rí pé arọ́pò orúkọ ló ń fi hàn pé èèyàn mọ̀wé. Ní ti ọ̀wọ̀ tó sọnù, mo fi 位 bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń wà láàárín òǹkà àti orúkọ ni. Ẹ lè sọ pé 一个 fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ 一位老奶奶 ti tẹrí ba díẹ̀. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn sí 位 ju gbogbo ohun yòókù tí mo kọ́ wọn lóṣù yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tún wà nínú ohùn yẹn tí mo pàlà sí. Àkọ́kọ́ ni "ṣe bí". Nínú àròkọ, Ẹ̀gbọ́n lo 觉得, tó jẹ́ "rò" lásán, tí kò sọ bóyá èrò náà tọ̀nà. "Ó ṣe bí màmá ló gbàgbé ẹ̀ ni" ti fi tó ẹ létí pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Ṣáínà ní èyí gan-an: 以为, yǐwéi. Tí òǹkàwé bá ti rí 以为, ó ti ń retí kí àṣìṣe tú. Ohun tó máa tú u ni ọ̀rọ̀ kejì, "àṣé", 原来, yuánlái. Àwọn méjèèjì ló gbé ìtàn yìí dúró: 以为 di kókó, 原来 tú u. Àròkọ àkọ́kọ́ kò ní ìkankan nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi dà bí àkójọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀gbọ́n mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Wọ́n wà nínú káàdì tí wọ́n fi ń há ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn káàdì 以为 ni wọ́n kọ "rò, lérò" sí, ẹ̀yìn káàdì 原来 ni wọ́n kọ "tẹ́lẹ̀" sí, àwọn ìtumọ̀ tí kò burú ṣùgbọ́n tí kò lè pa ìtàn. A pa wọ́n rẹ́, a kọ "ṣe bí" àti "àṣé" síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni "jàjà", tí 终于, zhōngyú, bá mu. 最后 kàn jẹ́ "níkẹyìn", ohun tó gbẹ́yìn. 终于 gbé ìlàágùn dání: ó ti pẹ́ téèyàn ti ń retí rẹ̀.

Àròkọ kẹta dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ìtàn ti wà nínú rẹ̀. 了 ti wálẹ̀. Mo wá kan ibi yìí:

年轻人抬头,他看见红包还在椅子上。他以为老奶奶忘了拿。他拿起红包,他跑,他喊,他跑了很远,终于车停了。

"Ọ̀dọ́kùnrin gbójú sókè, ó rí i pé 红包 ṣì wà lórí àga. Ó ṣe bí ìyá àgbà ló gbàgbé ẹ̀. Ó gbé 红包, ó sá, ó pariwo, ó sá jìnnà, ọkọ̀ jàjà dúró."

Mo fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, èló ló wà nínú rẹ̀?"

"Nínú kí ni, Tíṣà?"

红包, hóngbāo, kì í ṣe báàgì pupa mọ́. Àpòòwé pupa tí wọ́n ń fi owó sí nínú ọdún Ṣáínà tàbí níbi ìgbéyàwó ni. Ẹ̀gbọ́n rí i pé 红色的包 gùn, wọ́n gé e kúrú, wọ́n sì sọ ọ̀dọ́kùnrin di ẹni tó gbé owó olówó sá. Ìyẹn rọrùn láti tún ṣe. 终于 náà kàn sún sẹ́yìn ọkọ̀ ni, 车终于停了, gẹ́gẹ́ bí "jàjà" ṣe máa ń tẹ̀lé ẹni tó ń jà á.

他 ni kò rọrùn. Mẹ́fà ló wà nínú ibi kan yẹn, gbogbo rẹ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan ṣoṣo. Lọ́tẹ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló fà á, Yorùbá ni. Èdè wa kì í jẹ́ ká ju "ó" nù bó ṣe wù wá: "ó sá, ó ń pariwo", tí ẹ bá mú "ó" kejì kúrò, ó ti di nǹkan mìíràn. Ohun tí mo rò pé ó máa wo Ẹ̀gbọ́n sàn ló fún wọn ní ibà kékeré yìí. Ní èdè Ṣáínà, bí a bá ti dárúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, a máa ń fi í sílẹ̀ láìpè é mọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi kúrò lórí rẹ̀. Àìpè rẹ̀ gan-an ló ń sọ fún òǹkàwé pé òun náà ṣì ni. Bó o bá tún un pè, òǹkàwé á dúró díẹ̀, á bi ara rẹ̀ pé, àbí ẹlòmíràn ti dé? Ní 1976, Charles Li àti Sandra Thompson pín àwọn èdè sí èyí tó fi olùwà ṣe olórí àti èyí tó fi kókó-ọ̀rọ̀ ṣe olórí, wọ́n sì to èdè Ṣáínà mọ́ ìkejì. Mi ò sọ ìyẹn fún Ẹ̀gbọ́n. Inú ohùn tiwọn ni mo ti mú àpẹẹrẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé ‘ló bá gbé báàgì sá tẹ̀lé ọkọ̀’. Ẹni mélòó ló gbé, ẹni mélòó ló sá, ẹni mélòó ló tẹ̀ lé e?"

"Ẹnì kan náà ni."

"‘Ó’ mélòó lẹ pè?"

Wọ́n dákẹ́, wọ́n kà á lọ́kàn. "Ọ̀kan."

Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn, a ń lò ó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n wo gbólóhùn èdè Ṣáínà bí àsínpọ̀ tó gùn, tí kọ́mà wà nínú rẹ̀ kí èèyàn lè mí. Pe olóhun lẹ́ẹ̀kan, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ máa tò tẹ̀ lé e. Àfiwé náà kò pé o, torí àsínpọ̀ tiwa kì í gba kọ́mà bẹ́ẹ̀, tiwọn sì lè gùn kọjá ibi tí tiwa máa já sí. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún Ẹ̀gbọ́n, mo sì máa ń mú ohun tó bá ṣiṣẹ́. Kọ́mà kan ṣoṣo nínú àròkọ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi: ẹni tó bá fi àmì ìdánudúró sí ìparí gbogbo ìṣe ti já okùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, dandan ni kó tún máa pe 他 àti 她 láti so ó, kó sì máa fi 然后 lẹ̀ ẹ́. Ọgbẹ́ kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn àmì wọ̀nyí fúnra wọn kò tíì dàgbà níbẹ̀. 1920 náà ni ìjọba Ṣáínà pàṣẹ pé kí wọ́n máa lo irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò wọ́n yàtọ̀: kọ́mà lè gba ìṣe mẹ́rin, márùn-ún, àmì roboto kékeré 。 á dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan bá parí.

Ohun kan péré ló kù, bí ẹni tuntun ṣe ń wọ inú ìtàn. "一个老奶奶也坐在车站" kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, àmọ́ ó ń gbé ìyá àgbà wọlé bí ẹni tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Èdè Ṣáínà fẹ́ràn kí ibi ṣáájú, kí ẹni tuntun tẹ̀ lé e: 旁边坐着一位老奶奶, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyá àgbà kan jókòó sí". Ojú òǹkàwé ń rìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó bá màmá, ó tún bọ́ sáàárín, ó bá báàgì. 车来了, "ọkọ̀ dé", wà bó ṣe wà ní tirẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ti wà lọ́kàn gbogbo ẹni tó jókòó sí ibùdókọ̀.

Àròkọ kẹrin:

有个年轻人坐在车站的长椅上看书,旁边坐着一位老奶奶,两人中间放着一个红色的包。不一会儿,车来了,老奶奶站起来,上了车。年轻人抬头一看,包还在椅子上!他以为是老奶奶忘了拿,抓起包就追,一边跑一边喊。跑了很远,车终于停了下来。老奶奶从窗口探出头,举起自己的包,笑着摇了摇头。年轻人正觉得奇怪,一个小女孩从后面跑了过来:"哥哥,那是我的包!"原来,她刚才去买水,把包放在椅子上了。年轻人的脸一下子红了。

Lẹ́tà 171, ó fi 63 ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ 然后 kò sí níbẹ̀. 了 jẹ́ mẹ́sàn-án. 他 jẹ́ ẹyọ kan, 她 jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ wo ìlà tí 以为 wà: 他 kan ṣoṣo, ó ṣe bí, ó gbá báàgì mú, ó lé ọkọ̀, ó ń sá, ó ń pariwo. 抓起包就追 ni mo fẹ́ràn jù. 就 yẹn kéré, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí gbígbé báàgì àti sísá pàdé láìsí ààyè fún ìrònú, "ó gbé báàgì, eré ló kù". Ìlà tó tẹ̀ lé e, 跑了很远, "sá jìnnà", kò tilẹ̀ sọ ẹni tó sá. Ní Yorùbá, òǹkàwé lè rò pé ọkọ̀ ló sá jìnnà. Ní èdè Ṣáínà, okùn ọ̀dọ́kùnrin ṣì gùn dé ibẹ̀, ó kọjá àmì ìdánudúró. 自己的, "ti ara rẹ̀", sọ báàgì èwo ni màmá gbé sókè. 哥哥 sì ni ọmọ náà pe ọ̀dọ́kùnrin, bí ọmọ tiwa ṣe máa sọ pé "Bọ̀dá, báàgì mi nìyẹn!"

A lo ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ìwé onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń kọ ọ́: kí èèyàn fi àyè méjì sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, kí kọ́mà gba àyè tirẹ̀, kó má sì bẹ̀rẹ̀ ìlà. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo fi àròkọ kẹrin ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi ọjọ́sí, mo tún bi í pé ta ló ni báàgì. Lẹ́tà mẹ́rin ló fi dáhùn: 小女孩的, "ti ọmọdébìnrin ni". Ó wá béèrè pé kí ló dé tí irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ fi dá wọ ọkọ̀. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn wọn tún wọlé.

"Tíṣà, 她 kan ló kù yẹn. Ṣé kí n yọ òun náà?"

"Ẹ yọ ọ́ wò, Mà."

Wọ́n fi ránṣẹ́: 原来,刚才去买水,把包放在椅子上了。 Mi ò tíì fèsì rárá tí mo fi rí i pé wọ́n ń tẹ nǹkan, tí wọ́n dúró, tí wọ́n tún ń tẹ̀ ẹ́. "Rárá o. Á dà bíi pé Bọ̀dá ló lọ rami." Wọ́n dá 她 padà síbi tó wà.